Pátánù Bíláòsì Kan Tó Lè Di Oríṣiríṣi Aṣọ

Bíláòsì tó fún lábẹ́ abíyá, tó sì ṣófo níwájú ọrùn, kì í ṣe ìdí máṣìnì ló ti bàjẹ́. Orí tábìlì tí wọ́n ti gé e ló ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ pátánù oníwèé, ìyẹn ìwé tí a yà ní ìwọ̀n ara láti fi gé aṣọ, fún ẹni tó ń rán aṣọ ara rẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ti rí ẹyọ kan tó bá ara yín mu, ara rẹ̀ ni ẹ ó ti máa yọ bíláòsì ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ́púlọ́ọ̀mù (bíláòsì tí etí rẹ̀ fẹ̀ láti ìbàdí) òde ìnáwó àti gáùn gígùn, láìfi àlùmọ́gàjí dán ankara tuntun wò.

Ìwé tó dára jù fún un ni ti àpò sìmẹ́ǹtì, èyí tí ẹ ó rí nídìí gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù níta, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ. Ẹ má fi omi kàn án rárá. Ìwé ìròyìn tètè ń ya. Kàlẹ́ńdà ògiri lágbára, àmọ́ kì í tó gáùn.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ na tẹ́ẹ̀pù yín sórí rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Tẹ́ẹ̀pù tó ti pẹ́ máa ń fà. Bí ínṣì 12 ti tẹ́ẹ̀pù bá gùn ju ínṣì 12 ti rúlà, ẹ ra òmíràn, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá fi í wọ̀n ni yóò yẹ̀.

Wíwọn ara

Kí ẹlòmíràn wọ̀n yín. Ẹni tó bá ń wọn ara rẹ̀ yóò tẹ̀ síwájú láti wo nọ́ńbà, ìbàdí rẹ̀ yóò sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Bùràsíà tí ẹ máa wọ̀ sábẹ́ aṣọ náà gan-an ni kí ẹ wọ̀. Ẹ so okùn tín-ín-rín mọ́ ìbàdí, ẹ tẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ sósì. Ibi tí okùn náà bá jókòó sí fúnra rẹ̀ ni ìbàdí. Lórí ọmú, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ tẹ́ẹ̀pù.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò nìyí, gbogbo rẹ̀ ní ínṣì: ọmú 38, ìbàdí 32, ìdí 42, èjìká 15, láti èjìká dé orí ọmú 10½, láti orí ọmú kan sí èkejì 7½, láti èjìká dé ìbàdí lẹ́yìn 16, láti èjìká gba orí ọmú dé ìbàdí níwájú 17, gígùn aṣọ lẹ́yìn 24, yíyípo apá lókè 13, yíyípo ihò apá 17.

Ẹ wo 16 ẹ̀yìn àti 17 iwájú yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ń wọn ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì lò ó fún méjèèjì. Ínṣì 1 tó fi yàtọ̀ ni ọmú, òun náà ni yóò di dáàtì ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ibi tí a ká aṣọ pọ̀ tí a sì rán an kó lè gba ọmú. Ẹni tó bá gé iwájú ní 16, tó tún wá rán dáàtì sí i, iwájú aṣọ rẹ̀ yóò sá gòkè, ẹ̀yìn á sì máa wọ́ sílẹ̀.

Yíya pátánù

Ìdajì iwájú àti ìdajì ẹ̀yìn la ń yà. A kì í fi àyè ìrán sí pátánù fúnra rẹ̀. Orí aṣọ la ti ń fi kún un, kí ó lè rọrùn láti gé pátánù sí wẹ́wẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ yí i padà.

Fún iwájú, ẹ fa ìlà òòró kan sí apá òsì ìwé, òun ni àárín iwájú. Láti òkè rẹ̀, ẹ sàmì sí 8½ fún ìsàlẹ̀ ihò apá, 17 fún ìbàdí, 25 fún ẹsẹ̀ aṣọ. Ọrùn: 3 ní ìbú, 3½ sísàlẹ̀. Èjìká: ìdajì 15, èyíinì 7½, kí ẹ sì sọ orí èjìká kalẹ̀ ní 1½ kó lè dagun. Lórí ìlà ihò apá, ìdá mẹ́rin ọmú jẹ́ 9½. Ẹ fi ½ kún un torí pé iwájú ń gba àyè ju ẹ̀yìn lọ, ẹ tún fi ½ kún un fún èémí: 10½. Ní ìbàdí, 8, àti ½ ti iwájú, àti ¼ ti èémí, àti 1 tí dáàtì yóò jẹ: 9¾. Ní ẹsẹ̀ aṣọ, 11.

Ẹ̀yìn kò le. Ìbàdí rẹ̀ wà ní 16, ẹsẹ̀ aṣọ ní 24, ọrùn 3 ní ìbú àti 1 péré sísàlẹ̀. Ìbú rẹ̀ níbi ọmú jẹ́ 9½, níbi ìbàdí 8¾ (dáàtì ínṣì 1 wà nínú rẹ̀), nísàlẹ̀ 11. Ihò apá ti ẹ̀yìn kì í jìn wọnú tó ti iwájú. Ẹ jẹ́ kí ti iwájú fi ½ jìn jù ú lọ ní agbedeméjì. Tí ẹ bá yà á tán, ẹ gbé tẹ́ẹ̀pù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi wọn ihò apá méjèèjì papọ̀. Ó yẹ kó súnmọ́ 17. Bí ó bá ju 18 lọ, ẹ gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ẹ wá sàmì sí orí ọmú níwájú: 10½ láti èjìká níbi ọrùn, 3¾ láti àárín iwájú. Dáàtì ìbàdí fẹ̀ tó ínṣì 1, ó ń kọjú sí àmì yẹn, ó sì ń dúró ní ínṣì 1 nísàlẹ̀ rẹ̀. Dáàtì ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2½ sísàlẹ̀ abíyá, ó fẹ̀ tó ínṣì 1, ó sì dúró nígbà tó bá ku 1½ kó kan orí ọmú. Dáàtì tó bá kan orí ọmú gan-an máa ń yọ ṣóńṣó síta bí ìwo.

Dáàtì kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ilé ọmú ni. A lè gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, a kò lè pa á rẹ́ lára aṣọ tó bá fẹ́ mọ́ ara. Bùbá ò nílò rẹ̀ nítorí pé àyè inú bùbá pọ̀ débi pé ọmú kò fa aṣọ rárá. Ẹni tó bá wá gba bùbá sínú títí ó fi mọ́ ara, láìfi dáàtì sí i, yóò rí wàhálà tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lábẹ́ abíyá.

Ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ rán èyí àkọ́kọ́. Fún àyè ìrán, ẹ fi ínṣì 1 sí ẹ̀gbẹ́ àti sí àárín ẹ̀yìn níbi síìpù, ½ sí ọrùn, èjìká àti ihò apá, 1½ sí ẹsẹ̀ aṣọ.

Ohun tí aṣọ ìdánwò yóò sọ fún yín

Bí ẹ bá rí ìlà tó fà láti orí ọmú lọ sí abíyá, àyè ọmú kò tó. Ẹ má ṣe tú ẹ̀gbẹ́ kí ẹ fi gba àyè. Ẹ̀yìn àti ihò apá náà yóò fẹ̀, èjìká yóò sì máa ṣubú. Ọmú nìkan la ń fún ní àyè, ó sì sábà máa ń kan ẹni tí ìwọ̀n òkè ọmú rẹ̀ (tẹ́ẹ̀pù gba abẹ́ abíyá, lókè ọmú) bá fi ínṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kéré sí ìwọ̀n ọmú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gé pátánù iwájú láti ẹsẹ̀ aṣọ, gba àárín dáàtì ìbàdí lọ sí orí ọmú. Láti ibẹ̀ ẹ yà sí ihò apá, níbi ìdá mẹ́ta rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé e já, ẹ jẹ́ kí ìwé fi bíńtín dúró mọ́ ara. Ẹ tún gé àárín dáàtì ẹ̀gbẹ́ wọlé títí yóò fi ku bíńtín kó kan orí ọmú. Ẹ wá fa apá ẹ̀gbẹ́ síta títí àlàfo ibi orí ọmú yóò fi jẹ́ ½, kí ẹ rí i pé àlàfo náà dọ́gba láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó gé iwájú, torí náà ínṣì 1 gbáko ni ẹ ti fi kún àyà. Ẹ ó rí i pé dáàtì ẹ̀gbẹ́ là tóbi sí i fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìwé níhà àárín iwájú sì kúrú ju ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gé apá àárín yẹn ní ìbú lábẹ́ ọmú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó bá ti ẹ̀gbẹ́ dọ́gba, kí ẹ lẹ ìwé mìíràn sẹ́yìn gbogbo àlàfo. Dáàtì ìbàdí náà ti fi ½ fẹ̀ sí i. Ẹ rán gbogbo rẹ̀.

Bí ọrùn iwájú bá ṣófo, ẹ ká ¼ pamọ́ lára pátánù láti ọrùn lọ sí orí ọmú, kó parẹ́ síbẹ̀. Bí ihò apá ló ṣófo, bákan náà: ẹ kó o sínú dáàtì.

Ẹnu dáàtì ló ń tú àṣírí aránṣọ, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Láti ibi tó fẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Tó bá ku ½ kó parí, ẹ fi ọwọ́ yí máṣìnì, kí abẹ́rẹ́ máa rìn létí ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po, fọ́nrán òwú kan péré ni kó máa mú, títí yóò fi jábọ́ kúrò lórí aṣọ. Ẹ má ṣe rán an padà sẹ́yìn. Kókó líle tí ìyẹn ń fà ni ẹ máa ń rí bíi pòpórò lójú aṣọ. Ẹ jẹ́ kí òwú ṣẹ́kù tó ínṣì 3, ẹ fọwọ́ so ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá gé e. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ibẹ̀ lè rí rogodo bí ara ti rí. Bí iná ò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú náà yóò ṣe é, àmọ́ ẹ na aṣọ tó mọ́ lé e kí eérú má bàa ta sí i.

Láti bíláòsì sí oríṣi mìíràn

Fún bíláòsì onípáànẹ́ẹ̀lì, ẹ fa ìlà láti ihò apá lọ sí orí ọmú, ẹ gé e, kí ẹ wá pa dáàtì ẹ̀gbẹ́ dé. Ihò apá yóò là dípò rẹ̀. Ẹ gba orí dáàtì ìbàdí já sísàlẹ̀, iwájú á di méjì. Ẹ fi àmì sí 2 lókè orí ọmú àti 2 nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó pín wọn, ẹ sì fi ½ kún etí kọ̀ọ̀kan lórí aṣọ. Páànẹ́ẹ̀lì àárín ni ẹ ó fi àlùmọ́gàjí ya lẹ́nu wẹ́wẹ́ níbi tó ti tẹ̀ wọnú, kó lè ṣí tẹ̀ lé páànẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́.

Bí a ṣe ń gé aṣọ òfì tàbí aṣọ tí àwọn obìnrin Bùnú, lágbègbè Kàbà, ń hun nìyẹn, nítorí dáàtì kíká máa ń nípọn jù lára aṣọ híhun. Ẹ fi gọ́ọ̀mù-sitéè (aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ) lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e, kó má bàa máa tú lẹ́nu, ẹ fi ínṣì 1 sí gbogbo ojú ìrán, kí ẹ sì lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16. Nọ́ńbà 14 ló dára fún ankara, 11 fún ṣífọ́ọ̀nù. Aṣọ ìpò, èyí pupa tí Bùnú fi ń yẹ́ òkú ìjòyè sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n hun ún fún.

Ibi pẹ́púlọ́ọ̀mù ni ìṣirò ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹ gé pátánù ní ìbàdí, apá òkè nìkan la nílò. Ìbàdí aṣọ náà, pẹ̀lú àyè rẹ̀, jẹ́ 33. Fún ẹlẹ́yìíká kíkún, ẹ pín 33 sí 6.28: ó jẹ́ 5¼. Láti igun aṣọ tí ẹ ká sí mẹ́rin ni ẹ ó ti wọ̀n ọ́n. Ẹ gé e ní 4¾, torí pé ½ ìrán yóò gbé e dé 5¼. Tí pẹ́púlọ́ọ̀mù náà bá gùn tó 8, etí ìsàlẹ̀ yóò wà ní 13¼, kí ẹ fi ½ kún un láti ká. Ẹni tó bá pín 33 sí mẹ́rin, tó gé e ní 8¼, yóò ní ìbàdí tó fẹ̀ tó 52, yóò sì máa ká a ní wẹ́wẹ́ kiri láti pa á mọ́. Ẹlẹ́yìíká ààbọ̀ ńkọ́? Ẹ pín in sí 3.14: 10½.

Fún gáùn, ẹ kàn fa ìlà ẹ̀gbẹ́ sísàlẹ̀ láti ìdí. Ẹ fi 2 sí 3 kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ kó lè ṣeé rìn, tàbí kí ẹ là á lẹ́yìn. Síìpù 22 ló bá a mu.

Apá ló kù. Ẹ ká ìwé sí méjì. Apá 13 pẹ̀lú àyè 2 jẹ́ 15, ìdajì rẹ̀ 7½: ẹ fa ìlà ìbú yẹn. Ẹ fi òǹkà òdo tẹ́ẹ̀pù sí òpin ìlà náà, kí ẹ gbé 8¾ (ìdajì ihò apá 17, pẹ̀lú ¼) sókè títí yóò fi kan ibi tí ìwé ti ká. Yóò bọ́ sí nǹkan bíi 4½ lókè. Ibẹ̀ ni orí apá. Ẹ fi ½ tẹ ìlà náà síta lápá òkè, ¼ sínú nísàlẹ̀. Ti iwájú jìn díẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Orí apá yóò fi nǹkan bí ínṣì 1 gùn ju ihò apá. Ankara kì í gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá pọ̀ jù, orí apá á ṣùpọ̀. Ẹ fi ìrán gígùn ìlà méjì kó o jọ kí ẹ tó so ó mọ́ aṣọ.

Kí ẹ tó tẹ́ pátánù sórí ojúlówó aṣọ, ẹ rẹ ankara àti láínìn (aṣọ inú) rẹ̀ sómi títí wọn yóò fi rin gbingbin, ẹ sá wọn, ẹ lọ̀ wọ́n. Láínìn tó bá fún lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti rán an tán yóò máa fa aṣọ òkè kájọ. Ẹ wo orí àwòrán náà kí ẹ tó gé e: bí ẹyẹ ló wà lára rẹ̀, kí gbogbo wọn gbé orí sókè, kí òdòdó ńlá má sì bọ́ sórí ọmú kan ṣoṣo. Ìyẹn lè jẹ yáàdì kan sí i, nítorí náà ẹ wọn pátánù yín nílé kí ẹ tó lọ ra ankara lọ́jà Kàbà.