Bí ẹ ṣe lè kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán yíyà lórí fóònù nígbà kónílé-ó-gbélé

Lọ́dún 2020 tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, mo kó ọmọ mẹ́fà jọ sórí Zoom kí n máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú mi ni wọ́n ń wò ṣáá, mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìṣẹ́jú 40 tí Zoom ọ̀fẹ́ ń fúnni fi pé, ìpè já, ẹnikẹ́ni ò tíì fa ìlà kan. Ọwọ́ mi ló yẹ kí wọ́n máa wò, kí ọwọ́ tiwọn náà sì wà lórí bébà.

Torí náà, kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ to ìwé ńláńlá léra lórí tábìlì, ẹ ki fóònù bọ àárín wọn lókè kí kámẹ́rà yọ síta kó máa wo bébà nísàlẹ̀, ẹ wá gbé nǹkan tó wúwo lé e kó má baà já bọ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń yàwòrán, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wíńdò wá láti òsì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjìji ọwọ́ yín á bo ìlà tẹ́ ẹ ń fà.

Ẹ má bèèrè ohun tí wọ́n máa jáde lọ rà o. Pẹ́nsù àti ẹ̀yìn bébà tí wọ́n ti lò tó. Tí ọ̀dà bá wà nílé, pupa, yẹ́lò àti búlúù nìkan, kí wọ́n po yẹ́lò mọ́ búlúù fúnra wọn, ẹ má sọ àwọ̀ tó máa dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i kí wọ́n pariwo.

Eré tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ rèé: kí ọmọ gbé ọwọ́ kan sórí tábìlì, kó tẹjú mọ́ ọn, kó máa yà á láìwo bébà rárá, kí pẹ́nsù má kúrò lórí bébà, kí ojú àti pẹ́nsù jọ máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí èèrà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Gbogbo rẹ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ, tiyín náà á rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù àṣìṣe á sì kúrò lára ọmọ tó ń fi rọ́bà pa gbogbo nǹkan rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá ya ojú èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbé ẹyinjú sókè lọ́dọ̀ irun, ẹ ní kí wọ́n dúró síwájú dígí, kí wọ́n fi pẹ́nsù wọ̀n láti àtàrí dé ẹyinjú, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n láti ẹyinjú dé àgbọ̀n, wọ́n á rí i pé àárín gan-an ló wà.

Ẹ bẹ àwọn òbí kí wọ́n má gba pẹ́nsù lọ́wọ́ ọmọ. Ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí kálukú fi iṣẹ́ ẹ̀ han, torí ọmọ tó ti wà nínú ilé látọjọ́ yìí ń fẹ́ kí ẹlòmíì rí òun. Ẹ má kàn sọ pé ó dáa, ẹ bi í pé ibo ló le jù níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ya ògiri yàrá wọn tó sán, kò dáhùn, ó kàn gbé fóònù lọ síbi ògiri yẹn, ó ń fi ìka tọ ojú ibi tó sán náà lọ kí gbogbo wa lè rí i.

Fún ọmọ tí ò ní dátà, ẹ ká fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún péré fún un lórí WhatsApp, kó ya fọ́tò iṣẹ́ ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì fi ohùn dá a lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an.