Ikọ́ tí màámi ò hú

214,000 náírà ni mo san fún òtútù àyà tí kò yẹ kó mú màámi rárá. Owó ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Adó-Èkìtì, lálọ lábọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sí nínú rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wọn dúbúlẹ̀, n ò sì di ẹ̀bi ìyẹn ru ẹnikẹ́ni; ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn jà. Ohun tó ń dùn mí dòní ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ká máa lọ sílé: "Màmá ò húkọ́ tí wọ́n bá mu omi, ẹ máa fún wọn ní ohun tó bá wù wọ́n." Mo dúpẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé, mo gbé wọn lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹfà, ara wọn gbóná janjan, wọ́n ń mí gúlegúle.

Ilé ìwòsàn míì la gbé wọn lọ. Abẹ́rẹ́, atẹ́gùn, àwòrán àyà, ẹni tó bá ti ṣètọ́jú aláìsàn rí mọ bó ṣe ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò lè tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló là mí lójú. Ó gbé màámi jókòó ṣánṣán, ó fi ṣíbí tíì bu omi sí wọn lẹ́nu, ó gbé ìka lé gògóńgò wọn, ó ní, "Ẹ gbé e mì, Màmá." Wọ́n gbé e mì. Kò sí ikọ́. Ó ní kí wọ́n sọ pé "Áà." Ohùn tó jáde rin gbindin, bí ohùn ẹni tí omi dúró sí lọ́fun. Ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Omi ti yà sọ́nà èémí. Ikọ́ tó yẹ kó lé e jáde ni kò wá."

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù. Àìhúkọ́ tí wọ́n fi dá wa sílẹ̀ gan-an ni àmì ewu.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì lóde wọ́ọ̀dù, mo sì ń bi í léèrè títí ó fi yé mi. Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ pàdé lọ́fun, ti èémí níwájú, ti oúnjẹ lẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ ó rí i pé ó fò sókè kó tó sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe fò sókè yẹn, ilẹ̀kùn ọ̀nà èémí tì, mímí dúró díẹ̀, oúnjẹ kọjá, lẹ́yìn náà lẹ máa ń mí síta. Iṣan tó lé ní 25 ló para pọ̀ ṣe é, apá tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ikọ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ kéèyàn fa èémí sínú, kó ti ilẹ̀kùn yẹn kan náà, kó fi ikùn àti àyà tì í, kó wá ṣí i lójijì kí atẹ́gùn gbá ohun tó ṣìnà jáde. Èèyàn ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ìdí ọpọlọ, níbi tó ti fẹ́ so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń fún mímí, mímì àti ikọ́ ní àyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní vagus ló ń gbé ìròyìn gògóńgò lọ bá a.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ ba ètò yẹn jẹ́, àṣẹ ń pẹ́ dé. Omi tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ti sáré kọjá kí ilẹ̀kùn tó tì. Bí ìmọ̀lára ọ̀fun bá sì ti kú, ìròyìn ò dé ọpọlọ, ikọ́ ò ní wá. Nílé wa, tí omi bá ta èèyàn lórí, a ó gbá a ní àtàrí jẹ́jẹ́, a ó ní ẹnìkan ló ń dárúkọ rẹ̀. Ti màámi, omi ń ta wọ́n lórí lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Jíjókòó ṣánṣán, títẹ àgbọ̀n sí àyà, ìlàjì ṣíbí lẹ́ẹ̀kan, fífọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́ kí kòkòrò inú itọ́ má bàa bá itọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, gbogbo ìyẹn ò gba àkókò. Ẹ̀kọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Wọ́n ní kí n fún wọn ní ẹ̀kọ tó ki dípò omi, nítorí ohun tó ki kì í sáré. Mo ro ó kó ki dáadáa. Ṣíbí mẹ́wàá àkọ́kọ́ á lọ geere, ohùn á mọ́. Tó bá wá ku díẹ̀ nínú abọ́, ohùn á rin. Lójoojúmọ́! Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n, mo dín in kù. Ìdí abọ́ náà ló tún ti ṣẹlẹ̀. Mo pààrọ̀ oníògì, mo kúrò lórí ògì funfun bọ́ sórí pupa, mo ra fúláàsì tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ gbáko. Àárín rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin dé pẹ̀lú àgbo, tí wọ́n fẹ́ di màámi mú kí wọ́n rọ ọ́ fún wọn bí ìgbà tí à ń rọ ọmọ. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo gba ife náà. Wọ́n bínú lọ, n ò sì kábàámọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ fọ abọ́, mo rí i pé ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù ti ṣomi pátápátá, èyí tó wà nínú ìkòkò sì ki síbẹ̀. Ṣíbí tó ń ti ẹnu màámi bọ̀ ni mo ń tì bọ abọ́. Itọ́ ló ń já ẹ̀kọ! Ọmọdé tó bá mu ẹ̀kọ rí ti rí i bẹ́ẹ̀, èmi àgbàlagbà ò ronú kàn án. Láti ọjọ́ kejì, abọ́ kékeré mẹ́ta ni mo ń bù ú sí, ṣíbí mẹ́ta, mi ò sì dá ṣíbí ẹnu padà sínú ìkòkò. Ohùn màámi mọ́ dé òpin. Mo pe nọ́ọ̀sì yẹn lórí fóònù, mo sọ fún un pé èmi ni mo wá a rí.

Ká ní mo lè padà sọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, màá bèèrè ẹni tó dán mímì wọn wò àti ohun tó fi dán an wò, màá sì ní kí wọ́n ṣe é lójú mi kí n tó gbé bíírò.

Iyán ló ń pa màámi lẹ́kún. Ọmọ Èkìtì tí a ní kó má fọwọ́ kan iyán! Ṣùgbọ́n iyán ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ahọ́n wọn ò sì tí ì lágbára tó láti tì í. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí mo tẹ̀ mọ́ ọbẹ̀ tó kúnná ni wọ́n ń jẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pé oṣù mẹ́rin, mo fún wọn ní omi ṣíbí tíì kan bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n máa dán an wò. Wọ́n gbé e mì. Lójijì ni wọ́n bú sí ikọ́, ikọ́ gidi, tó mi ibùsùn. Aládùúgbò wa sáré wọlé, ó ń kígbe pé kí ló dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Omi gidi ò tí ì yá, a ṣì wà lórí ẹ̀kọ. Mo dúró títí èémí wọn fi balẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ sọ pé Áà." Ohùn wọn mọ́.