Bí mo ṣe kó oyin orí igi máńgòrò wa sínú àpótí

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá. Àárọ̀ Sátidé kan ni mo yọjú sẹ́yìnkùlé, mo rí oyin tó ṣù mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó tó orí màlúù, ó ń kùn hùn-ùn. Bàbá onílé ti rán ọmọ pé kó ra bẹntiróòlù wá, pé àfi ká sun wọ́n. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi dalẹ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń ráhùn pé ẹ̀gúsí yín yọ òdòdó títí kò so? Òdòdó akọ lọ́tọ̀ tabo lọ́tọ̀ ni tẹ̀gúsí, oyin àtàwọn kòkòrò bíi tiẹ̀ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sára abo. Wọ́n ní tó bá ta ọmọ ẹnikẹ́ni èmi làwọn máa dì mú o.

Mo pe ọ̀gá kan tó ń sin oyin lápá Ìsẹ́yìn. Ó ní oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wálé kiri kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú, ó ti mu yó kó tó gbéra, kò sì tíì nílé tó ń ṣọ́. Ó ní kí n wá àpótí pákó, kí n fi ìda oyin ra inú ẹ̀, kí n fún ewé tíì sí i torí òórùn ẹ̀ jọ èyí tí wọ́n fi ń pe ara wọn.

Aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo wọ kóòtù òjò, mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo orí, àbúrò mi di àpótí mú nísàlẹ̀. Mo gbọn ẹ̀ka yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, gbì! gbogbo ẹ̀ já bọ́ bí ẹ̀wà tí wọ́n dà sí garawa. Àṣé ìbọ̀wọ́ mi ò dé ọrùn ọwọ́, lọ̀kan bá ta mí. Òórùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n ló ń jáde níbẹ̀, òun làwọn yòókù sì máa ń gbọ́ tí wọ́n á fi ya boni, ni mo bá yára fi èékánná ha abẹ́rẹ́ ẹ̀ dànù, mo fi èéfín bo ojú ibẹ̀.

A fi àpótí sílẹ̀ kí àwọn tó ń fò lè bá ìyá wọn wọlé, ilẹ̀ ṣú tán la gbé e lọ sóko bàbá.

Ọjọ́ kẹjọ mo ṣí i díẹ̀, afárá mẹ́ta ti wà ńbẹ̀, funfun báláú, oyin ò tíì sí nínú ẹ̀. Bàbá onílé tó fẹ́ sun wọ́n níjọ́sí ti wá ń bi mí pé ìgbà wo la máa fún un, pé àwọn ní ìsọmọlórúkọ, omi ṣúgà ló kún inú ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà.