Bí Mo Ṣe Ra Ẹ̀bùn Wálé Láti Ẹsẹ̀ Òkè Himalaya

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí n kúrò ní Nepal kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí n ó gbé bọ̀ wálé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti àfonífojì Langtang ni, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí. Fìlà onírun kan ṣoṣo ló wà nínú àpò mi, èyí tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan ní Kyanjin Gompa, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju mítà 3,800 lọ. Ìyá náà ń hun ún lọ́wọ́ nígbà tí mo débẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo mu tíì, wọ́n parí etí fìlà náà, wọ́n já òwú tó kù, wọ́n sì dé e sí mi lórí. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra gbogbo ìyókù ni, owó mi kì bá tí ṣòfò ní Kathmandu.

Thamel ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dé sí níbẹ̀. Ọ̀nà tóóró, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, aṣọ rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́: ṣọ́ọ̀lì fún Màmá, ọ̀bẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, ìwé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, àti nǹkan kan tí n ó gbé sí pálọ̀ ara mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ṣọ́ọ̀lì kan ní rúpì 1,500. Ọlọ́jà ní pashmina gidi ni, irun ewúrẹ́ orí òkè. Ó fà á gba inú òrùka ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó ní ẹ̀rí nìyẹn.

Mo dé òtẹ́ẹ̀lì, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fa òwú kan yọ létí rẹ̀, mo ṣáná sí i. Ó yọ́ bí ọ̀rá, ó ká jọ, ó di kóró dúdú líle, òórùn ike sì gba gbogbo yàrá. Irun ẹran kì í jó báyẹn. Irun ẹran máa ń rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú téèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ti òrùka yẹn ò sì jẹ́ ẹ̀rí kankan, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ èyíkéyìí ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe torí owó nìkan. Ewúrẹ́ orí òkè tí wọ́n ń pè ní chyangra ló ni irun yìí: òtútù ló mú kó hu irun múlọ́múlọ́ sábẹ́ irun líle tó wà lókè, tí okùn rẹ̀ kan kò tó ìdámẹ́ta irun orí èèyàn ní nínípọn. Àwọn darandaran á wá fi ìyarun yà á kúrò nígbà tí òtútù bá ń rọlẹ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ ta ọ̀rá ń jẹ iṣẹ́ àwọn darandaran yẹn run.

Ní ọjọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni mo lọ tààrà. Àwọn obìnrin mẹ́ta jókòó sídìí òfì. Kí n tó béèrè ohunkóhun ni ọ̀gá ibẹ̀ ti ya ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀ níwájú mi: èyí ni irun chyangra pọ́ńbélé, èyí ni wọ́n fi sẹ́dà lù, èyí sì ni irun àgùntàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí òwú fún mi. A ná an títí, ó bẹ̀rẹ̀ láti 13,000, mo san 9,500. Àwọ̀ èsúrú ni mo mú. Ó fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé pé ó wà ní èjìká mi.

Èmi tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀ kò lè sọ ti Patan ní kúkúrú. Ìlú náà, tí wọ́n tún ń pè ní Lalitpur, wà ní òdìkejì odò Bagmati sí Kathmandu. Àwọn ará Newar ló ni ín, ìran Shakya nínú wọn ló sì gbajúmọ̀ jù nídìí rírọ bàbà àti idẹ. Nítòsí tẹ́ńpìlì Mahabouddha ni mo ti gbọ́ ìró òòlù láti inú àgbàlá kan, mo sì yọjú. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ wọlé, didi." Ẹ̀gbọ́n obìnrin ni didi. Èmi náà pè é ní dai, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, nítorí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì túká.

Ìda oyin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ oje igi. Ó ń fi irin tín-ín-rín kan ya ìka ọwọ́ sára ère kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bí ìda náà bá ti ń le, á nà án sí ẹ̀yinná díẹ̀, á tún máa bá a lọ. Ó fi èyí tó ti parí hàn mí: wọ́n ti fi amọ̀ kíkúnná àti ìgbẹ́ màlúù bò ó, wọ́n tún wá fi amọ̀ tí èèpo ìrẹsì wà nínú rẹ̀ bò ó nípọn, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Tó bá gbẹ, wọn á yan án nínú iná, ìda á yọ́ dànù, wọn á da bàbà gbígbóná sí àyè tó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ amọ̀. Èyí tí bàbà ò bá dé gbogbo ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti rí i rí. Kì í ṣe ní Nepal. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 nìyẹn, ìda, amọ̀, iná. Nígbà tí dai sọ pé bàbà kì í ṣàn bí idẹ, pé ó ń fún àwọn ní wàhálà, ìbòjú Ọbalùfọ̀n ló wá sí mi lọ́kàn, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé látòkè délẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n fi àwòrán rẹ̀ hàn òun lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́. Òun náà wá sọ ti Araniko fún mi, ọ̀dọ́ Newar tó kó 80 oníṣẹ́ ọwọ́ lọ sí Tibet lọ́dún 1260, tó tún dé ààfin Kublai Khan, ọba àwọn Mongol, tó sì kọ́ ilé ìjọsìn funfun tó ṣì wà ní Beijing dòní. Sáà tí àwọn onímọ̀ fi iṣẹ́ Ifẹ̀ sí náà nìyẹn.

Ère kékeré Tara, òrìṣà obìnrin àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ni mo rà, ó nà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Kò ní wúrà lára, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú un bẹ́ẹ̀: mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń lẹ wúrà mọ́ bàbà láyé àtijọ́, àwọn kan ṣì ń ṣe é, èéfín rẹ̀ sì ń pa ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà lára. Ó ní 24,000, mi ò fi bẹ́ẹ̀ ná an. Ó fẹ́ fi páànù bàbà dí ìdí rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ kí n lè máa rí inú rẹ̀. (Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ, ò ní gbà kí n gbé ère wọlé wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló máa wà.)

Ìwé ò ṣòro. Bhaktapur ni mo ti rà á, ìwé lokta tí wọ́n ń fi èèpo igi kékeré kan ṣe. Wọn kì í hú igi náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò, á tún hù láàárín ọdún díẹ̀, kòkòrò kì í sì í fẹ́ jẹ ìwé rẹ̀. Ọ̀bẹ khukuri náà ò pẹ́: ó tẹ̀ níwájú, ọ̀bẹ kékeré méjì wà lẹ́yìn àkọ̀ rẹ̀, irin sípíríǹ ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì fi rọ ọ́, irin kan náà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá. Inú báàgì tó lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni mo fi sí, kò gbọdọ̀ sí nínú èyí téèyàn gbé lọ́wọ́. Thangka, àwòrán ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n ń kùn sórí aṣọ, ni mi ò rà. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kùn dáadáa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, owó mi ò ká a, èmi ò sì fẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí. Òfin Nepal láti ọdún 1956 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohun àtijọ́ tó lé ní 100 ọdún jáde, ohun tó bá sì jọ ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé. Mo gbé ère mi àti rìsíìtì dai lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ohun àtijọ́, mo sì lo ààárọ̀ kan gbáko lórí ìlà. Kò dùn mí rárá. Wọ́n jí ère òkúta òrìṣà Lakshmi-Narayana gbé ní Patan lọ́dún 1984, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Dallas ló fara hàn sí, ọdún 2021 ló tó padà sílé. Ọmọ ibi tí wọ́n ti kó ohun ìní rẹ̀ lọ rí ni mí. Mo jókòó, mo dúró de ìwé mi.

Ní Ifẹ̀, Màmá fi ṣọ́ọ̀lì bora ní ọ̀sán gangan nínú ooru, wọ́n ò gbà kó kúrò lára wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bọ̀dá mi kan tó ń rọ idẹ wá kí mi. Wọn ò wo ojú ère náà rárá. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ti ìka bọ inú ìdí rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha amọ̀ dúdú tó ṣẹ́kù níbẹ̀ jáde, wọ́n gbé e sún mọ́ imú.

"Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n pò mọ́ ọn, àbí?"