Bí ẹ ṣe lè ra Tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú láìra wàhálà mọ́ ọn

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wo mọ́tò náà, kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dúdú, kò burú, ó kàn ti pẹ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láì tíì sítáàtì: iná ẹ́ńjìnì àti iná airbag gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Bí ẹ bá wá sítáàtì, èéfín funfun díẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe nǹkan. Bó bá ki tí kò sì dáwọ́ dúró, omi ló ń jó. Èyí tó bá dà bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ ṣọ́ Camry 2.4 ti 2007 sí 2009 dáadáa, ọ̀mu ọ́ìlì ni.

Jíà ló ń gbówó jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé e láti P (ìdúró) sí R (ẹ̀yìn), lẹ́yìn náà sí D (iwájú). Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó wọlé. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí mọ́tò bá fò lójijì bó ṣe ń wọlé, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gun òkè, ẹ wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, torí jíà mìíràn kì í dá àrà àfi tó bá gbóná. Accord V6 ti 2003 àti 2004 lókìkí fún un, Honda fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n padà nítorí jíà.

Mẹkáníìkì tiyín ni kó ṣe scan, ìyẹn ni pé kó fi ẹ̀rọ ka àléébù tó wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò náà. Bí kò bá rí àléébù kankan, ṣùgbọ́n tí àwọn monitor (àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀) ń kọ “not ready”, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àléébù tó wà níbẹ̀ rẹ́ ni, tàbí kí wọ́n ti tú bátìrì. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin. Bí ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, omi ti bo mọ́tò yẹn rí. Éésì tí kò tutù àti ọ̀dà tó ti ṣá, owó ni kí ẹ fi gé.

Ó wá ku ìwé. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, kò sì ní I, O tàbí Q nínú. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà àti èyí tó wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Lórí mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ̀kẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Láti January 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé, nítorí náà èyí tó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì, iyekíye tí ẹ ì báà fi rà á.

Ẹ má san kọ́bọ̀ kí wọ́n fi mú un dè yín. Àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni kí owó wọ̀, kí VIN sì wà lórí rìsíìtì.