Bí Mo Ṣe Fi Ẹfun Tọ́jú Àwọn Àmì Ọjọ́ Orí Tó Wà Lójú àti Lọ́wọ́ Mi

Iṣẹ́ àdìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Bí a bá ti yọ aṣọ kúrò nínú aró, ìta gbangba ni a ń sá a sí, oòrùn tó ń pa aṣọ náà ló sì ń pa ẹni tó ń sá a. Ní Ìtọ́kú, nílùú Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá mi. Nígbà tí mo kọjá ẹni àádọ́ta ọdún, àwọn àmì pẹlẹbẹ tó dúdú ju àwọ̀ ara mi lọ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Àwọn kan ní kí n ra ìpara tó ń bó ara, mo sì kọ̀ jálẹ̀. Mákúrì tó wà nínú àwọn kan nínú ìpara wọ̀nyẹn lè ba kíndìnrín jẹ́, hydroquinone, ìyẹn kẹ́míkà tó ń bó ara, tí èèyàn bá sì lò fún ìgbà pípẹ́ lè mú kí awọ ara dúdú kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ara mi mọ́, kí àwọn àmì náà má sì hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ pa àwọ̀ tí Ọlọ́run fún mi dà.

Kí n tó fi ohunkóhun kàn án, mo kọ́kọ́ lọ fi han dókítà, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì tí etí rẹ̀ rí ségesège, tó ń tóbi sí i, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó yọ lábẹ́ èékánná tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń pa ẹfun sí. Jẹjẹrẹ awọ ara tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló pa Bob Marley ní ọdún 1981. Dókítà tún là mí lóye pé àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú, tí ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, yàtọ̀ sí àmì ọjọ́ orí, amọ̀ kankan kò sì lè mú wọn kúrò.

Ẹfun tí mo lò ni amọ̀ funfun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kaolin, tí ó sì wà nínú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Mo yàn án ju bentonite, irú amọ̀ mìíràn, lọ nítorí pé bentonite máa ń fa omi àti òróró ara gan-an, awọ àgbà kò sì ní ọ̀rá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ ìyá lẹ́kúlẹ́jà kan ní Ìtọ́kú ni mo ti rà á. “Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ti jíjẹ ni tàbí ti pípa lára?” ni wọ́n bi mí. Mo ní ti pípa lára ni, mà. Wọ́n bá fọ́ odindi kan sí méjì lójú mi: ó funfun dé àárín, kò ní ilà pupa kankan, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò ra á, ó kúnná, iyanrìn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀. (Jíjẹ ẹfun yìí, pàápàá fún aláboyún, kò dára rárá, nítorí pé òjé lè wà nínú rẹ̀.)

Mo gún un nínú odó kékeré, mo sì fi omi tí mo ti sè tó sì ti tutù rẹ ẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, bí ẹni ń sẹ́ ògì ni. Mo rò ó pọ̀, mo jẹ́ kí iyanrìn sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo rọra da omi funfun tó wà lókè gba inú aṣọ fẹ́lẹ́ sínú abọ́ mìíràn, mo sì bò ó títí omi fi là, tí ẹfun sì tòrò sísàlẹ̀. Mo da omi náà nù, mo sá ẹfun gbẹ nínú ilé kí eruku má baà bà á, mo sì yan án díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ, torí ohun inú ilẹ̀ lè ní kòkòrò àìfojúrí. Ìyẹ̀fun tó kù kúnná ju àtíkè lọ.

Mo kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá mi, mo sì dúró fún wákàtí 24. Nígbà tí kò yún mi, tí kò sì wú, mo po ṣíbí méjì ìyẹ̀fun náà mọ́ omi díẹ̀ àti ẹ̀kán oyin kan, mo sì fi pa ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ lálẹ́. Àwọn kan máa ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé tí oòrùn bá bá omi ọsàn lára, ó máa ń jó èèyàn, ojú ibi tó bá jó yóò sì dúdú sí i. Ẹfun kò gbọdọ̀ gbẹ tán lójú. Ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, etí rẹ̀ yóò ti funfun, yóò sì máa fa awọ, àmọ́ àárín rẹ̀ yóò ṣì tutù. Àsìkò náà ni mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, láìha á, tí mo sì ń fi òrí pa ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Lójú fèrèsé kan náà ni mo ti ń ya fọ́tò, kí n má baà tan ara mi jẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú mi ti dán, àwọn àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti ṣá díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Òróró àti èépá awọ tó ti kú ni ẹfun ń kó kúrò. Kò dé ibi tí ara ti ń ṣe mẹ́lánínì, ìyẹn ohun tó ń mú awọ dúdú, èyí tí ìtànṣán oòrùn ń mú kó pọ̀ jù lójú kan. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí agbára rẹ̀ tó SPF 30 (SPF ni ìwọ̀n bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó), ṣe pàtàkì ju ẹfun lọ, mo sì ń tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí mo bá wà níta. Kódà nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, mo ń pa á, nítorí pé apá kan nínú ìtànṣán náà ń gba inú gíláàsì kọjá. Ní báyìí, mo ń sá aṣọ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí àti ẹ̀wù alápá gígùn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà sì ti ń dé akẹtẹ̀ tiwọn.