Bí ẹ ṣe máa yan ṣòkòtò tó lè dá ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi dúró kó tó dé ara yín

Ẹ̀yin ará wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Kàbbà, Bùnú àti Òwóró, ókun o. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fi ṣéènsọ́ọ̀ jẹun. Ẹ wo ẹni tó ń la pákó nínú igbó lọ́nà Ìyàrà, tàbí ẹni tó ń gé igi kaṣú tó ti gbó lóko Mọ̀pà, sílípáàsì tàbí bàtà òjò ló máa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú jíǹsì tó ti ya lórúnkún, bẹ́ẹ̀ orí ìtì igi ló dúró sí tí ẹ̀rọ ń ké nítòsí ìtan rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn igi. Aṣọ ni wọn ò ní, àwọn míì ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń ṣe ṣòkòtò kan fún iṣẹ́ yìí nìkan. Wọ́n ń ṣe é, ó sì ti pẹ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí aṣọ yẹn ń ṣe, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Kì í ṣe torí pé ó nípọn ló fi ń gbani. Ẹ wọ jíǹsì méjì lé ara wọn, ẹ wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún, ṣéènì máa gba àárín rẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá fún ẹ̀rọ ní iná dáadáa, ṣéènì lè máa sá 20 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìyẹn 72 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí ọ̀kadà ń sá lọ́nà Kàbbà sí Ẹ̀gbẹ̀ tí ọ̀nà bá dá, àwọn ẹ̀rọ kan tiẹ̀ tún ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí aṣọ lásán tó lè dúró níwájú ìyẹn.

Inú ṣòkòtò yìí ni iṣẹ́ wà. Wọ́n to òwú gígùn gígùn síbẹ̀, ìpele lórí ìpele, ó lè jẹ́ poliẹ́sítà, ó lè jẹ́ òwú líle bíi Dyneema tàbí Kevlar, wọn ò sì rán an mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ kí ṣéènì lè rí i fà. Bí eyín ṣéènì bá ṣe já ìta aṣọ báyìí, á hú òwú yẹn jáde, òwú á bá ṣéènì sá lọ sẹ́yìn, á wọ ibi sprocket, ìyẹn jíà kékeré tó ń yí ṣéènì, á wé mọ́ ọn, á dì í pa, ẹ̀rọ á sì dákẹ́. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá tú ìdérí ẹ̀rọ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ẹ máa bá òwú funfun tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, tó lọ́ mọ́ra, tí ọ́ìlì ti sọ dúdú láwọn ibì kan, wọ́n á ní láti fi píláyà fà á yọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè yí padà. Ìyà yẹn dáa ju kí ṣéènì gé itan ẹni lọ. Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kò sí èyí tí ṣéènì ò lè gé rárá, ohun tí aṣọ yìí ń ṣe ni pé ó ń dín ọgbẹ́ kù, ó sì ń fún yín láyè láti gbé ẹ̀rọ kúrò.

Torí náà tẹ́ ẹ bá mú u lọ́wọ́, lébẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe àwọ̀, kì í ṣe bó ṣe rẹwà. Ẹ wo inú ibi ìgbànú, tàbí ẹ̀yìn aṣọ tó bá jẹ́ chaps, ìyẹn aṣọ ìdáàbòbò tí wọ́n ń so mọ́ orí ṣòkòtò, àwòrán ṣéènsọ́ọ̀ kékeré kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánwò. Ti Yúróòpù máa ń kọ EN 381-5, àwọn tuntun ń kọ EN ISO 11393-2, ti Amẹ́ríkà ń kọ ASTM F1897. Tí ò bá ti sí ìkankan nínú ẹ̀, ṣòkòtò iṣẹ́ lásán ni, kí ẹni tó ń tà á búra títí. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn ń fi fóòmù sínú ṣòkòtò tó ní àwọ̀ ọsàn tí wọ́n á máa pè é ní ti agégi, ẹ sá fún un. Tẹ́ ẹ bá sì ń rán ẹnìkan sí Ìlọrin, Abújá tàbí Èkó láti bá yín rà á, ẹ ní kó ya lébẹ́ẹ̀lì yẹn ní fọ́tò kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ibẹ̀ fúnra yín.

Lára ti Yúróòpù, ẹ tún máa rí Class. Class 0 ni wọ́n dán wò pẹ̀lú ṣéènì tó ń sá 16 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Class 1 jẹ́ 20, Class 2 jẹ́ 24, Class 3 jẹ́ 28. Ẹ wo inú ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá bóyá wọ́n kọ eré ṣéènì síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wé e. Kì í ṣe pé kí gbogbo èèyàn lọ ra 3 o, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni aṣọ ń wúwo tó sì ń mú ooru, ẹ sì mọ bí oòrùn oṣù kẹta ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ṣòkòtò tó bá mú yín lóoru jù, inú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ lẹ máa jù ú sí, kò sì lè gbà yín láti inú bọ́ọ̀tù. Lójú tèmi, Class 1 tẹ́ ẹ wọ̀ lójoojúmọ́ sàn ju Class 3 tẹ́ ẹ gbé kọ́ lọ.

Ó tún ní Type. Type A bo iwájú ẹsẹ̀, Type C bo ẹsẹ̀ yíká, tó fi mọ́ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń fara gbọgbẹ́ jù, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń di ẹ̀yìn ẹ̀rọ mú, tẹ́ ẹ bá wá parí gígé tí ẹ̀rọ já bọ́, ìtan òsì àti orúnkún òsì ló ń balẹ̀ sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó sì ń dúró sílẹ̀ gé igi, Type A tó o, ó sì fúyẹ́. Ẹni tó ń gun igi, àti ẹni tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, bíi ẹni tó yá ẹ̀rọ láti fi gé igi tó wó sínú oko iṣu rẹ̀, Type C ni kó wá, torí onítọ̀hún lè gbé ẹ̀rọ gba ibi tí kò lérò.

Ṣé ṣòkòtò ni àbí chaps? Chaps lẹ máa so mọ́ orí ṣòkòtò tó wà lára yín, ìgbànú kan lókè, ìdè mélòó kan lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ó rọrùn fún ibi tí èèyàn méjì mẹ́ta ti ń pín ẹ̀rọ kan lò, torí ó ṣeé fún ṣeé tú. Wàhálà ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa máa ń so ti òkè nìkan, wọ́n á fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka lè fà á, ṣéènì gan-an lè yí i kúrò lórí ẹsẹ̀. Gbogbo ìdè ẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì.

Fún ìwọ̀n, ẹ wọ bàtà iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó wọn ara yín, bàtà gidi tó le níwájú tó sì bo kókósẹ̀. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ibi tẹ́ ẹ ti ń de bẹ́líìtì, àti láti abẹ́nú itan wá sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá wọ̀ ọ́ wò, ẹ má kàn dúró gbọin wo dígí, ẹ kúnlẹ̀, ẹ lóṣòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ìtì. Ààbò yẹn gbọ́dọ̀ ṣì bo orí bàtà ní ínǹṣì méjì ó kéré tán. Tí ojúgun bá yọ síta, ó kúrú. Tó bá gùn jù, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má gbé e fún télọ̀ kó gé e tàbí kó fún un lẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ máṣíìnì máa rán òwú inú yẹn pọ̀, kò sì ní lè jáde mọ́.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń gba bátìrì tàbí iná, ẹ wọ̀ ọ́ náà, àmọ́ ẹ mọ̀ pé agbára mọ́tò yẹn kì í jọ̀wọ́ bọ̀rọ̀ bíi ti epo, òwú lè má dá a dúró kíá.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nu ọ́ìlì kúrò. Ọ́ìlì àti epo tó bá wọ inú ẹ̀ ń mú òwú lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi ọṣẹ jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́ bí lébẹ́ẹ̀lì ṣe wí, kò gbọdọ̀ rí bílíìṣì, kò gbọdọ̀ rí áyọ́ọ̀nù, ẹ má là á mọ́ òkúta lódò, ẹ sá a sí ibòòji. Tí ẹ̀gún bá fa ìta ẹ̀ ya díẹ̀, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ lórí níta nìkan.

Ṣùgbọ́n tí ṣéènì bá ti kàn án dé inú lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán, bó ti wù kó kéré. Òwú ibẹ̀ ti fà, kò sí níbi tó yẹ kó wà mọ́. Ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ ló yẹ kó ra òmíì, bó ṣe ń ra ṣéènì tuntun náà ni. Kẹ́ ẹ tó ju ti àtijọ́ nù, ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì láàárín, kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣà á fọ̀ kó tà á fún ọmọ ẹlòmíì.